Ọjọ́ kan ṣoṣo létí òkun: níbo la lè kó àwọn ọmọ lọ wo ẹranko omi láti Abẹ́òkúta?

Ìyá Kẹ́hìndé Ọbáńtokò (Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tíṣà bi ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ní kíláàsì pé níbo ni ẹja ń gbé. Ó ní inú fíríísà ìyá òun ni. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ọmọ tí à ń gbé kọjá lórí Odò Ògùn ní Láfẹ́nwá lójoojúmọ́!

Bàbá wọn ti gbà pé nínú ìsinmi Kérésìmesì yìí, ká gba bọ́ọ̀sì kan, ká kó gbogbo ilé lọ sétí òkun. Mọ́kànlá ni wá: àgbà márùn-ún, ọmọ mẹ́fà, èyí tó kéré jù kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ò ní sùn níbòmíràn yàtọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn. Torí náà, lílọ àti bíbọ̀ lọ́jọ́ kan náà ni.

Kì í ṣe kí wọ́n kàn lọ lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n jẹ súyà ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun ẹlẹ́mìí: akàn, ẹyẹ etí omi, ọ̀nì, àti ìjàpá òkun ńláńlá tí mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Níbo ni ká lọ, ọ̀nà wo ni ká gbà, aago mélòó ni ká gbéra?

Ọmọ Òlúmọ (8:20 alẹ́)

Lekki Conservation Centre, ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní Lẹ́kí, l'Ékòó. Ọ̀bọ wà, ọ̀nì wà. Ó parí.

Dírẹ́bà Kútọ̀ (8:47 alẹ́)

Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ kú ìmúra. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń na Abẹ́òkúta sí Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ má gba Sàngó. Ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà yín já sí Ṣàgámù, kí ó gba ọ̀nà Bìní dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó yà sí Ẹ̀pẹ́. Láti Ẹ̀pẹ́, ẹ ó wá máa ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ wá sí Lẹ́kí. Ó jìn ju kí ẹ la àárín Èkó kọjá lọ, n ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ mọ́tò á máa rìn. Lọ́nà kejì, ẹ ó máa ka pátákó ìpolówó ni.

Ẹ kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Sienna dán yín wò. Ènìyàn mọ́kànlá pẹ̀lú kúlà pẹ̀lú àpò ìlédìí ọmọ, bọ́ọ̀sì Hiace ni. Kí ẹ tó san owó, ẹ sọ ọ́ kó yé wọn pé ṣátà àárọ̀ dé alẹ́ ni, ìdúró wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀: dírẹ́bà á ní òun rò pé òun kàn ń gbé yín lọ ni, òun ò mọ̀ pé òun ó dúró di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi táyà ìpamọ́ hàn yín. Kí ẹ fi ojú ara yín rí i o, kì í ṣe kó ní “ó wà níbẹ̀, mọ́mì”.

Ẹ̀gbá Àjà (9:05 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ fo apá kan. Mo ń gbé Àjà. Ẹni tó bá ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ máa bá gbogbo wa tí à ń lọ síbi iṣẹ́ pàdé níbí, ọgbà náà sì wà lókè Àjà, ní òdìkejì ilé iṣẹ́ epo Chevron. Wákàtí tí ẹ jèrè ní Ìjẹ̀bú, Àjà lẹ ó ti san án padà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ wá. Ẹ má sì wá lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Lọ́jọ́ yẹn, orí ènìyàn ni ẹ ó máa wò, kì í ṣe ọ̀bọ.

Ọmọ Àgbádárìgì (9:31 alẹ́)

Kí ló dé tí gbogbo yín ń sáré lọ Lẹ́kí? Ẹ̀gbá tó mọ ìtàn, Àgbádárìgì ló yẹ kó kó ọmọ lọ. Ibẹ̀ ni Townsend, òyìnbó oníwàásù, gbà dé Abẹ́òkúta ní 1843. Àwọn Sàró tó padà wálé láti Sierra Leone, ọ̀pọ̀ wọn ló gba ibẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1845 ṣì wà ní ìdúró. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi la ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ ó rìn díẹ̀ láàárín igi àgbọn, òkun á sì yọ sí yín lójijì. Akàn? Ihò wọn kún orí iyanrìn. Lékeléke ò lóǹkà létí ọ̀sà. Bí ẹ bá sì tètè dé, ẹ ó bá àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n, ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí okùn kan. Ọmọ tó rò pé inú fíríísà ni ẹja ń gbé, ẹ jẹ́ kó rí ẹja tó ń tọ nínú àwọ̀n.

Ní ti ìjàpá òkun, àsìkò wọn nìyí. Ẹ kàn wá, ẹ ó rí i.

Tíṣà Báyọ̀ (10:02 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣèlérí ìjàpá òkun fún àwọn ọmọ yẹn. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Àbúrò mi láti Àgbádárìgì gba àsìkò, kò gba wákàtí. Lóòótọ́, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹta ni wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin létíkun wa, ṣùgbọ́n òru ni. Abo ló ń gòkè. Á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, á yé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹyin síbẹ̀, á bò ó, á sì padà sínú òkun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ padà sùn ní Ọbáńtokò lálẹ́ ọjọ́ kan náà kò lè pàdé rẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe kó rí láàárọ̀ ni ipa rẹ̀ lórí iyanrìn, bí ẹni pé wọ́n wọ́ táyà katakátá kọjá, bí ẹsẹ̀ ènìyàn kò bá tíì pa á rẹ́.

Bí ẹ bá rí irú ipa bẹ́ẹ̀, ẹ má tú ihò náà. Ẹyin yẹn á wà nínú iyanrìn fún nǹkan bí oṣù méjì. Ooru iyanrìn ló sì ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo: bó bá gbóná, abo ló máa pọ̀. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu ju ohunkóhun lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pa tán, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ni wọ́n ń sáré lọ. Láyé àtijọ́, ojú òkun ló mọ́lẹ̀ jù lóru. Ní báyìí, iná ilé ìgbafẹ́ ló ń tàn wọ́n lọ sójú títì.

Ọ̀kan nínú wọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní leatherback. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo ìjàpá ayé. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò le bí ìkarahun, awọ ni, ó rí bíi rọ́bà. Ohun kan tó máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ nínú òkun ló ń jẹ, ìyẹn jellyfish, ọ̀rá píọ́wọ́tà tó ń léfòó sì jọ ọ́ gan-an lójú rẹ̀. Ẹ ṣáà kó ọ̀rá yín padà sílé.

Ọmọ Àgbádárìgì (10:15 alẹ́)

Tíṣà, mo gbà. Òru náà ni bàbá mi àgbà máa ń sọ pé àwọn ń bá wọn pàdé. Èmi náà, òkú ọ̀kan tí àwọ̀n gbé ni mo fi ojú rí rí. Àmọ́ n ò tíì jáwọ́ lórí Àgbádárìgì o.

Dírẹ́bà Kútọ̀ (10:22 alẹ́)

Àbúrò, ọ̀nà ńkọ́? Láti Sàngó lọ sí Àtàn, Lùsádà, Agbárá. Nígbà tí mo gbà á kẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì méjì ni mo pààrọ̀. Ìyá tí orúnkún ń dùn lẹ fẹ́ gbé gba ibẹ̀?

Ọ̀yàyà Ìtòkú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀)

Reluwé ńkọ́? Ní Láderin, ẹ ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, ó di Èbúté-Mẹ́ta. Ọmọ ò ní bì, ẹnikẹ́ni ò ní bú dírẹ́bà. Reluwé yẹn gan-an ti tó ìgbafẹ́ fún ọmọ.

Ẹ̀gbá Àjà (7:03 àárọ̀)

Ó dùn, mo máa ń wọ̀ ọ́. Àmọ́ láti Èbúté-Mẹ́ta sí Lẹ́kí, ènìyàn mọ́kànlá, takisí mẹ́ta nìyẹn ní lílọ, mẹ́ta ní bíbọ̀. Reluwé kì í sì í dúró de ìyá tí ń wá bàtà ọmọ. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Òlúmọ (7:15 àárọ̀)

Ìpínlẹ̀ Ògùn náà létí òkun o! Ogun Waterside. Kí ló dé tí à ń gbé owó wa fún Èkó? Erin sì wà nínú igbó Omo, ẹ lè yà wò ó.

Dírẹ́bà Kútọ̀ (7:21 àárọ̀)

Ọmọ Òlúmọ, ẹ̀yin tí ẹ ní “ó parí” lánàá. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà Abígí ṣì jìn dáadáa, kí ẹ tó wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Erin inú igbó Omo kì í ṣe ti ọgbà tí wọ́n so mọ́lẹ̀ dè yín. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn gan-an, ipasẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí. Ọmọ ọdún méjì lẹ fẹ́ kó wọ ibẹ̀?

Màmá Àgbà Ìbarà (9:50 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi náà ni orúnkún mi ń dùn, mo sì ti dé ọgbà Lẹ́kí yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó, ẹ má jẹ́ kí ìyá yín gun afárá òkè igi tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. 401 mítà ni gígùn rẹ̀, àtẹ̀gùn ló sì gbé yín dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ti gùn ún, ó ń jì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ta yín nídìí. Mo gùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fi òrí para.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni tèmi. Pákó ni wọ́n tẹ́ sórí irà, ó tẹ́jú, ìjókòó wà lójú ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ẹranko wà! Àwọn tó gòkè lọ, orí igi àti fóònù ara wọn ni wọ́n wò. Èmi tí mo jókòó jẹ́ẹ́, mo rí awọ́nríwọ́n kan tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá níbi tó ti ń rọra kọjá lábẹ́ pákó. Ẹ bá ìyá yín wá ìjókòó létí omi, kí ẹ fi ọmọ kan tí kì í pariwo tì wọ́n.

Àti oúnjẹ. Ẹ má ṣí oúnjẹ níbi tí ọ̀bọ wà. Ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ ìró ọ̀rá. Wọ́n já bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi, ọmọ náà sunkún dé Ṣàgámù.

Ìyá Kẹ́hìndé Ọbáńtokò (12:30 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò. Màmá Ìbarà, mo ka tiyín fún ìyá, wọ́n ní “obìnrin yẹn mọ ohun tó ń sọ”. Lẹ́kí ni a ó lọ, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó gba Ẹ̀pẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀n tí Ọmọ Àgbádárìgì sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé kò sí ibi tí mo ti lè rí apẹja lọ́nà tí mò ń gbà yẹn?

Ẹnì kan ní kí n yà sí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́. Ṣé ó dáa?

Ẹ̀gbá Àjà (12:41 ọ̀sán)

Ẹ yà sí etíkun Elékò nígbà tí ẹ bá ń padà. Ó ti wà lójú ọ̀nà yín sí Ẹ̀pẹ́. Bí orí bá bá yín ṣe é, ẹ ó bá àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Ẹ mú owó kéékèèké lọ́wọ́ fún àwọn tó máa ní kí ẹ san owó ìwọlé.

Bí omi bá ṣe fà sẹ́yìn tó ni akàn ṣe ń jáde tó. Bí ẹ bá ń sáré tẹ̀lé wọn, gbogbo wọn á wọlé. Ẹ ní kí àwọn ọmọ jókòó, kí wọ́n ka ení dé ọgọ́rùn-ún láìmira, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà Báyọ̀ (1:10 ọ̀sán)

Bí ẹ bá rí akàn kékeré létí ẹrẹ̀ ọ̀sà, tí ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi gàgàrà tí ìkejì sì kéré, akọ nìyẹn. Ó máa ń fi ọwọ́ ńlá yẹn juwọ́ sí abo. Ọwọ́ méjèèjì abo kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń yára jẹun jù ú lọ.

Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń sáré tẹ̀lé ìgbì, tí ìgbì bá ń bọ̀ tí wọ́n á sá, àlejò ni wọ́n. Ọ̀nà jíjìn réré lókè Yúróòpù ni wọ́n ti wá sá fún òtútù. Ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn náà wá lo ìsinmi.

Ọ̀yàyà Ìtòkú (1:25 ọ̀sán)

Ọjà Ẹ̀pẹ́ ò burú. Ẹja tútù yọ̀yọ̀, oríṣi tí ẹ kò rí rí.

Màmá Àgbà Ìbarà (2:00 ọ̀sán)

Ẹja wà, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń ta ẹran ìgbẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ juwọ́ sí ọ̀nì láàárọ̀, ẹ fẹ́ kó rí ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n dì lókùn nírọ̀lẹ́? Èmi ò ní yà síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré.

Ọ̀yàyà Ìtòkú (2:08 ọ̀sán)

Màmá, ayé náà nìyẹn. Inú ìkòkò ni gbogbo wa ti kọ́kọ́ mọ ẹran ìgbẹ́.

Tíṣà Báyọ̀ (2:30 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí ìyá wọn pinnu. Ohun kan ṣáá: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ìjàpá òkun fún yín, ní ọjà tàbí létíkun, ẹ má rà á, kódà bó ṣe pé ẹ fẹ́ tú u sílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti dáàbò bò ó láti 1985. Ẹni tó bá sì rí owó gbà lórí ọ̀kan, á lọ wá òmíràn.

Ẹ̀gbá Àjà (2:44 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn látọ̀dọ̀ tèmi: ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ òkun kọjá kókósẹ̀. Òkun wa ń fa ènìyàn lábẹ́lẹ̀. Mo ti gbé etí rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, n ò tíì lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ rí.

Ìyá Kẹ́hìndé Ọbáńtokò (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

A ti lọ, a ti bọ̀. Mo ṣèlérí fún yín pé mo máa jábọ̀.

Aago márùn-ún tí a fẹ́ gbéra di aago márùn-ún kọjá ogójì, torí ìyá ní àwọn gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀kọ kí àwọn tó jáde. A dé ọgbà kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí, tó sì ń kìlọ̀ fún gbogbo wa nínú mọ́tò, òun náà ló gbàgbé gúgúrú sápò. Ọ̀bọ ò gbàgbé.

Ọkọ mi gun afárá òkè. Nígbà tó dé àárín, ó dì í mú, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún mẹ́wàá ló fà á lọ́wọ́ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyá jókòó nísàlẹ̀ pẹ̀lú Táíwò. Nígbà tí a fi padà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ka awọ́nríwọ́n mẹ́ta, ọ̀nì kan, àti ọ̀kín tó ń fi ìrù gbálẹ̀ kọjá níwájú wọn bí ọba. Àwa tí a rìn yípo, ọ̀bọ àti ẹyẹ méjì péré ni tiwa. Ìyá ò jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ títí a fi délé.

A ò yà sí ọjà. A yà sí Elékò ní bí aago mẹ́ta. Wọ́n ń fa àwọ̀n lóòótọ́! Okùn náà gùn débi pé a ò rí ìdí rẹ̀ nínú omi. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fà, ọ̀kan nínú wọn ní kí àwọn ọmọ wá bá wọn dì í mú, gbogbo wọn sì rọ́ síbẹ̀. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí àpò àwọ̀n tó yọ. Ẹja ń tọ pàtì-pàtì nínú rẹ̀, akàn mélòó kan, àti ọ̀rá àti ìgò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ẹja. Kẹ́hìndé dúró bí ẹni rí iwin. Lẹ́yìn náà ló rọra rìn lọ sétí omi, bàbá rẹ̀ di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, “Màámi, kò mà tutù!”

Tíṣà Báyọ̀ (4:31 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀ kó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.

Dírẹ́bà Kútọ̀ (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú orí ire. Táyà ìpamọ́ ńkọ́?

Ìyá Kẹ́hìndé Ọbáńtokò (4:44 ìrọ̀lẹ́)

Mo fi ojú ara mi rí i, bí ẹ ṣe wí. Táyà wà. Nígbà tí ọ̀kan fọ́ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde la tó mọ̀ pé kò sí jáàkì.